Ẹ má jẹ́ kí áàpù pinnu bí orin bàbá yín ṣe máa hàn

1/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka thread yìí. Ọ̀rọ̀ orin ni, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ọ̀rọ̀ bàbá mi náà sì ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò le: gbogbo orin tó wà lọ́wọ́ yín ló ní àkọsílẹ̀ lẹ́yìn. Tiyín ni àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ló sì yẹ kí ẹ pinnu bó ṣe máa hàn. Ẹ bá mi ká lọ.

2/ Bàbá mi ní kásẹ́ẹ̀tì tó kún àpótí méjì. Fújì, jùjú, àpàlà, sákárà. Nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù, ẹ̀gbọ́n mi kan sọ gbogbo wọn di MP3, ó kó wọn sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan. Inú gbogbo wa dùn. A rò pé iṣẹ́ ti parí.

3/ Ọjọ́ Sunday kan, Bàbá jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù yẹn. Wọ́n wò ó sókè, wọ́n wò ó sísàlẹ̀, wọ́n wá pè mí: "Níbo ni ojú kejì wà?" Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Track 01. Track 02. Unknown Artist. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tò lọ rẹrẹ. Orin wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ orin náà láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn kò lè rí i mú.

4/ Mo kọ́kọ́ rò pé Bàbá ni kò mọ kọ̀ǹpútà lò. Irọ́ ni. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá dáadáa. Kásẹ́ẹ̀tì ní ojú kìíní, ó ní ojú kejì. Ojú kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo, tí eléré á máa ti inú ọ̀rọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn láìdúró mí. Bí ọ̀pọ̀ àwo jùjú àti fújì ṣe rí nìyẹn láyé àwọn Obey, Sunny Adé àti Barrister. Kọ̀ǹpútà ò mọ ojú kìíní, kò mọ ojú kejì. "Song" ló mọ̀.

5/ Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. MP3 fúnra rẹ̀, ohùn lásán ni. Ní 1996, ẹnì kan tó ń jẹ́ Eric Kemp dá ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní ID3: kí wọ́n fi báìtì 128 kún ìdí fáìlì, kí wọ́n kọ orúkọ orin, olórin, àwo àti ọdún síbẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà 30 péré ni àyè orúkọ olórin gbà.

6/ Ẹ bá mi ka èyí: Chief Commander Ebenezer Obey & His Inter-Reformers Band. Tí ẹ bá ka àlàfo mọ́ ọn, "Obey" parí sí 29, àlàfo tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di 30. Gbogbo Inter-Reformers Band já bọ́ sílẹ̀. Onígìtá, onílù, elégbè, gbogbo wọn pátá. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra wọn o. Àyè ni kò sí.

7/ Irú orin náà ńkọ́? ID3 àkọ́kọ́ yẹn kò jẹ́ kí ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Nọ́ńbà kan lẹ máa mú nínú àtòkọ irú orin 80. Reggae wà níbẹ̀. Grunge wà níbẹ̀. Polka pàápàá wà, òun ni nọ́ńbà 75. Jùjú kò sí. Fújì kò sí. Àpàlà, sákárà, wákà, ìkankan kò sí. Nọ́ńbà 48 ló wà fún irú wa: Ethnic. Haruna Ishola, Ethnic. Yusuf Olatunji, Ethnic. Batile Alake, Ethnic. Ṣé ẹ rí i?

8/ Àmọ́ mi ò ní jókòó síbí kí n máa bú òyìnbó. Láti 1998 ni ID3v2 ti dé. Ìyẹn gba orúkọ gígùn, ó gba ẹ, ọ àti ṣ, ó sì jẹ́ kí èèyàn kọ irú orin tó bá wù ú. Àyè ti wà tipẹ́. Àwa la ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. "Unknown Artist" tó wà lórí láptọ́ọ̀pù Bàbá, ilé wa lẹ̀bi yẹn wà.

9/ Nítorí náà, èmi àti Bàbá jókòó ti iṣẹ́ náà. Wọ́n ń sọ, mo ń tẹ̀. Mo kọ Fújì síbi tó yẹ kí Fújì wà. Mo fi àyè Disc Number ṣe ojú kìíní àti ojú kejì. Tí olórin bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹnì kan, Bàbá á ní, "Dúró níbẹ̀." Wọ́n á sọ ẹni tí onítọ̀hún jẹ́, iṣẹ́ tó ṣe, àdúgbò tó gbé. Èmi á kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ àti orúkọ ẹni náà sínú Comments.

10/ Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ohun tí Bàbá ń sọ fún mi yẹn, kò sí lẹ́yìn àwo. Kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ orúkọ oníṣòwò aṣọ kan nínú orin fújì láìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé èèyàn gidi ni, mo rò pé òwe ni! Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹni náà ti lọ́gbà òde níbi tí àwọn fúnra wọn ti jẹun rí.

11/ A kọ ọ́ tán, ó wá ku ìṣòro kan. Nínú áàpù, Comments yẹn wà nínú òpó tóóró kan ní ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó sì ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ fún Bàbá ló fara pamọ́ jù. Play Count, tí kò kàn wọ́n rárá, ló wà níwájú.

12/ Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn lè jáde kúrò nínú áàpù. iTunes máa ń kọ fáìlì XML tí gbogbo àkójọ orin yín wà nínú rẹ̀. Lórí Mac, láti 2019 tí áàpù Music ti gba ipò iTunes, ẹ lọ sí File, Library, Export Library. Fáìlì kan á jáde. Ẹ ṣí i, ọ̀rọ̀ lásán ni, ojú lè kà á.

13/ Bí inú rẹ̀ ṣe rí rèé:

<key>Artist</key><string>Haruna Ishola</string>
<key>Genre</key><string>Àpàlà</string>
<key>Total Time</key><integer>1080000</integer>

Nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn kì í ṣe owó o 😂 Ẹ pín in sí 60000, ẹ máa rí ìṣẹ́jú 18. Ojú kan odindi nìyẹn.

14/ Báwo la ṣe máa sọ èyí di ohun tí Bàbá lè kà? Ibi tí stylesheet ti wọlé nìyí. Stylesheet ni fáìlì tó ń sọ fún bíráúsà bí ohun tó wà nínú fáìlì mìíràn yóò ṣe hàn. Ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀, aṣọ rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ láàárọ̀, tó wọ aṣọ òkè nírọ̀lẹ́, ẹnì kan náà ni. Ẹ lè pààrọ̀ aṣọ nígbà ogún, ẹ ò ní fọwọ́ kan èèyàn tó wà nínú rẹ̀.

15/ Oríṣi méjì ló wà tó kàn wá. CSS ni àkọ́kọ́. Håkon Wium Lie ló dábàá rẹ̀ ní 1994, W3C fọwọ́ sí i ní 1996. Òun ló ń sọ pé kí èyí tóbi, kí èyí pupa, kí èyí wà lápá òsì. Ẹ lè so CSS mọ́ XML tààrà, bíráúsà á sì gbà á.

16/ Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀. Ó gbá mi lójú. Ẹ padà wo post 13. Orúkọ olórin wà nínú "string". Irú orin náà wà nínú "string". Orúkọ àwo, "string". Àmì tó ń sọ ohun tó jẹ́ kò sí lára ìkòkò, ara bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ló wà. CSS kì í ka ohun tí wọ́n kọ sínú bébà yẹn. Kò lè mọ èyí tó jẹ́ ọbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ omi.

17/ Oríṣi kejì ni XSLT, tí W3C fọwọ́ sí ní 1999. Òun lè kàwé. Ìlà kan tó gbà mí sílẹ̀ rèé:

key[.='Artist']/following-sibling::*[1]

Ìtumọ̀ rẹ̀: wá bébà tí wọ́n kọ Artist sí, kí o gbé ìkòkò tó tẹ̀ lé e. Ó tán. Pẹ̀lú ìyẹn, mo lè kó orin jọ ní ojú kìíní àti ojú kejì, mo lè sọ 1080000 di "ìṣẹ́jú 18", mo lè gbé Comments wá síwájú.

18/ Ẹ̀yin tó bá fẹ́ dán an wò: ẹ fi ìlà yìí sí abẹ́ ìlà àkọ́kọ́ nínú XML yín:

<?xml-stylesheet type="text/xsl" href="orin.xsl"?>

Tí ẹ bá kàn tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, Chrome ò ní gbà, nítorí ààbò. Ẹ ṣí fódà náà nínú terminal, ẹ tẹ python3 -m http.server, kí ẹ wá lọ sí localhost:8000. Ìlà yẹn sì máa ń nù tí ẹ bá tún gbé XML tuntun jáde, torí náà ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

19/ Ohun kan dà mí láàmú fún ọjọ́ méjì. Sunny Adé jáde lẹ́ẹ̀mejì lójú ìwé mi. Ẹnì kan náà, àkọlé kan náà, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà lè tọ́jú é ní ọ̀nà méjì: gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí e tí àmì ohùn tẹ̀ lé. Lójú wa, ọ̀kan ni. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni. ẹ́ tiẹ̀ tún le jù, Unicode ò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún un rárá, ó di dandan kí wọ́n to àmì pọ̀.

20/ Oògùn rẹ̀ wà: ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC kí ẹ tó lò ó. unicodedata.normalize nínú Python á ṣe é fún yín. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń ní "ẹ má kọ àmì ohùn, ó ń ba search jẹ́". Àmì ohùn kò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ kọ àmì yín jàre, kí ẹ sì kọ́ ẹ̀rọ bó ṣe máa kà á.

21/ Nígbà tí mo parí ẹ̀, Bàbá jókòó síwájú ẹ̀. Lẹ́tà ńlá. Orúkọ olórin lókè, odindi, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú Kìíní. Ojú Kejì. Lábẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn tí wọ́n kì nínú orin náà àti ìṣẹ́jú rẹ̀. Wọn ò kí mi kú iṣẹ́ o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "O ti ṣi orúkọ ẹni yìí kọ." Mo mọ̀ nígbà yẹn pé ó ti di tiwọn.

22/ Kí ló wá dé tí mo fi ń kọ thread yìí báyìí? Ní 2025, Google kéde pé àwọn máa yọ XSLT kúrò nínú Chrome. Oṣù Kọkànlá 2026 ni wọ́n dá. Àwọn tó ń ṣe Firefox àti Safari náà ti fi hàn pé ọ̀nà yẹn làwọn ń wò. Ìyẹn ni pé ojú ìwé Bàbá, bí mo ṣe ṣe é, kò ní ṣí mọ́.

23/ Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní ìdí. Kóòdù tó ń ṣe XSLT nínú bíráúsà ti pẹ́, àléébù ààbò wà lára ẹ̀, ojú ìwé tó ń lò ó kò sì pọ̀. Bíráúsà tiẹ̀ dúró sórí XSLT 1.0 ti 1999 yẹn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 2.0 jáde ní 2007, tí 3.0 sì jáde ní 2017. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe, ọjọ́ kan wọ́n á wó o.

24/ Ohun tó dùn mí ni pé àwa tí a kéré yẹn ló ń lo irú nǹkan báyìí. Ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ ńlá ti ní òṣìṣẹ́ tó máa tún un kọ lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó fi fáìlì méjì ṣe ojú ìwé fún bàbá rẹ̀, tí kò sanwó fún ẹnikẹ́ni, òun ni ilẹ̀ yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá ka iye èèyàn, a kéré. Ìyẹn ò sọ pé ohun tó wà lọ́wọ́ wa kéré.

25/ Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo rí kọ́. Aṣọ ló ya. Èèyàn wà níbẹ̀. XML Bàbá ò sọnù, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò kúrò nínú ẹ̀. Ká ní inú áàpù kan ni gbogbo orúkọ yẹn wà, tí áàpù náà wá kógbá sílé, omijé là bá máa sun báyìí. Nítorí mo ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ, aṣọ tuntun ni mo kàn ń rán.

26/ Bí mo ṣe ń rán an rèé. Dípò kí bíráúsà máa ṣe XSLT, kọ̀ǹpútà mi ló ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

xsltproc -o orin.html orin.xsl orin.xml

Ohun tó jáde jẹ́ HTML lásán. Ó ń ṣí lórí fóònù èyíkéyìí, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí python. Stylesheet kan náà ni o, mi ò yí ìlà kan padà.

27/ Tí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, èyí tiẹ̀ rọrùn jù: ẹ kọ XML tiyín, kí ẹ sì sọ àmì inú rẹ̀ lórúkọ tó nítumọ̀. <olorin>, <awo>, <oju>, <eni-ti-won-ki>. CSS nìkan á tó láti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, CSS lórí XML kò sì sí lára ohun tí wọ́n fẹ́ yọ. Ẹ má fi àmì ohùn sórí orúkọ inú < > yẹn o, ìdí rẹ̀ wà ní post 19. Inú ọ̀rọ̀ gan-an ni kí ẹ ti fi àmì sí i dáadáa.

28/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ṣebí gbogbo orin yìí wà lórí streaming?" Ọ̀pọ̀ wà níbẹ̀, mo ń gbọ́ wọn níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ṣé streaming mọ ẹni tí wọ́n kì ní ìṣẹ́jú keje? Ṣé ó mọ̀ pé orin yìí ni wọ́n lù níbi ìkómọ yín? Orin lè wà níbi gbogbo. Ohun tí bàbá yín mọ̀ nípa orin náà, orí bàbá yín nìkan ló wà.

29/ Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló dé tí o ò kàn fi JavaScript ṣe é?" Ẹ ṣe é o! Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. JavaScript lè ka XML yẹn náà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ àti aṣọ rán pọ̀. Kí àkọsílẹ̀ wà nínú fáìlì kan tí ojú lè kà. Irinṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ fi wọ aṣọ fún un, tiyín nìyẹn.

30/ Ìkìlọ̀ kékeré: tí ẹ bá fẹ́ fi XML yín ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Location sí. Orúkọ tí ẹ fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà yín sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ tún bi àwọn àgbà bóyá wọ́n fẹ́ kí orúkọ èèyàn jáde sí gbangba. Ti Bàbá, inú ilé la fi sí.

31/ Mo parí. Lálẹ́ òní, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin ẹgbẹ̀rún. Ẹ mú àwo kan ṣoṣo. Ẹ pe bàbá yín, ìyá yín, àbúrò bàbá yín, ẹni tó bá ṣì wà. Ẹ ṣí i fún wọn, kí ẹ bi wọ́n pé, "Ta nìyí tí wọ́n ń kì?" Kí ẹ wá kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Aṣọ ò níṣòro, a máa rán an. Ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ná.

32/ Àwo wo lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí. Ẹni tí orin.xsl bá ta kókó fún lẹ́nu iṣẹ́, ẹ béèrè, mo wà níbí. Bàbá náà ní kí n kí yín, wọ́n ní ojú kejì ló máa ń dùn jù. 🙏🏾